Ray Méjì Ló Wà: Àsọyé lórí Ìṣísẹ̀ Kíkún nínú Ohùn Orin

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin olùdarí akọrin, ẹ̀yin atẹdùrù, ẹ̀yin akọrin, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn bá ọ̀rẹ́ wá. Violin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú kí n tó kọ nǹkan kan sójú pátákó, torí bí mo bá fi ìṣirò bẹ̀rẹ̀, ìdajì ilé yìí á ti sùn.

Okùn mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta la ó lò: D, A àti E. Mo ti yí wọn títí wọ́n fi bá ara wọn rẹ́ dáadáa. A ń gbọ̀n nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, E ń gbọ̀n nígbà 660, D sì ń gbọ̀n nígbà 293 àti ìdámẹ́ta. Láti D dé A, 3 sí 2 ni. Láti A dé E, 3 sí 2 náà ni. Ìrìn doh sí soh nìyẹn, ẹ mọ̀ ọ́n lórí.

Mo fi ìka ìfábẹ̀lá tẹ okùn A báyìí, B ló jáde. Láti A sí B ni àwọn olórin ń pè ní tone kan. Ìṣísẹ̀ kíkún ni n ó máa pè é. Bí ẹ bá kúrò lórí doh tí ẹ bọ́ sórí ray, ìṣísẹ̀ kíkún kan lẹ gbé yẹn. Ẹ jẹ́ kí n fa ọrun lé B yìí àti E pa pọ̀. Ẹ fetí sí i bí mo ṣe ń rọra sún ìka. Ó kù díẹ̀. Ó ti wọ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe tòrò? Mi ò ní gbé ìka kúrò o, ẹ máa ṣọ́ mi, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo pidán. Ibi tí ìka wà náà ló ṣì wà. D nìkan ni mo fi rọ́pò E. Ẹ gbọ́ ọ.

Ó ń jà. Bí mo bá fẹ́ kí B yìí bá D rẹ́, àfi kí n fa ìka sẹ́yìn, sí apá orí violin, ní nǹkan bíi mílímítà mẹ́ta àbọ̀. Ó ti wọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé B tuntun yìí padà sọ́dọ̀ E, ìjà tún dé.

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ violin a máa rò pé ọwọ́ àwọn ni kò tíì gún. Olùkọ́ mìíràn náà á sì máa jágbe mọ́ wọn. Ọwọ́ wọn gún. B méjì ló wà lórí okùn yẹn, torí pé ìṣísẹ̀ kíkún méjì ló wà, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré, etí wa sì ń béèrè fún méjèèjì láàárín orin kan náà. Ohun tí mo wá sọ lálẹ́ yìí kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyókù ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń gbé ni dé.

Ẹ jẹ́ ká wá kà á. B tó bá E rẹ́ ń gbọ̀n nígbà 495. Bí ẹ bá fi 495 sẹ́gbẹ̀ẹ́ 440, 9 sí 8 ni. B tó bá D rẹ́ ń gbọ̀n ní nǹkan bíi 488.9. Òun àti 440 jẹ́ 10 sí 9. Ìṣísẹ̀ ńlá ni 9 sí 8, ìṣísẹ̀ kékeré ni 10 sí 9.

Kí ló dé tí etí fi mọ̀? Okùn kì í gbọ̀n lọ́nà kan ṣoṣo. Bí odidi rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni ìdajì rẹ̀ ń gbọ̀n ní ìlọ́po méjì, ìdámẹ́ta rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohùn kan tí ẹ rò pé ẹ gbọ́, ọ̀pọ̀ ohùn abẹ́nú ló kó wá. Ohùn abẹ́nú kẹrin ti B, 495 lọ́nà mẹ́rin, jẹ́ 1980. Ohùn abẹ́nú kẹta ti E, 660 lọ́nà mẹ́ta, jẹ́ 1980. Wọ́n ṣe déédéé, wọ́n di ọ̀kan, ariwo parí. Nígbà tí mo gbé B 495 yẹn lọ bá D ńkọ́? Ohùn abẹ́nú kẹta ti B jẹ́ 1485. Ohùn abẹ́nú karùn-ún ti D jẹ́ 1467 ó dín díẹ̀. Ohùn méjì tó súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ kò lè gbé pọ̀ ní ìrọ̀rùn. Wọn á máa wú, wọn á máa rọlẹ̀, nígbà 18 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ò lè kà á, ṣùgbọ́n ara yín gbọ́ ọ, ẹni tó wà níwájú níbí tiẹ̀ fajú ro.

Ọ̀nà tí a fi ń to ohùn kí gbogbo wọn lè bá ara wọn mu nípasẹ̀ nọ́ńbà kéékèèké bí 3 sí 2, 5 sí 4, 6 sí 5, òun ni àwọn Òyìnbó ń pè ní just intonation. Ohùn títọ́ ni n ó máa pè é. Kò sí awo kankan nínú rẹ̀. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta tí gbogbo ọmọ kííbọ́ọ̀dù fi ń bẹ̀rẹ̀, 1, 4 àti 5, ìyẹn àwọn tó dúró lórí doh, fah àti soh, ni a ó fi kọ́ ọ.

Ẹ fi doh sí 240. Mo yan 240 kí nọ́ńbà wa má baà fọ́. Kọ́ọ̀dù tó dùn dáadáa ń rìn ní 4, 5, 6. Doh, me, soh á jẹ́ 240, 300, 360. Fah, lah, doh òkè á jẹ́ 320, 400, 480. Soh, te, ray òkè á jẹ́ 360, 450, 540. Bí a bá gbé ray yẹn wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ìdajì 540 ni, 270. Àtẹ̀gùn wa ti pé: 240, 270, 300, 320, 360, 400, 450, 480.

Ẹ wá wo àárín wọn. Doh sí ray, 270 sí 240: 9 sí 8. Ray sí me, 300 sí 270: 10 sí 9. Fah sí soh, 9 sí 8. Soh sí lah, 10 sí 9. Lah sí te, 9 sí 8. Ìṣísẹ̀ ńlá mẹ́ta, kékeré méjì. Me sí fah àti te sí doh ni ààbọ̀ ìṣísẹ̀, 16 sí 15 ni àwọn méjèèjì. A ò fipá mú kékeré wọlé o. Àwa fẹ́ kí kọ́ọ̀dù mẹ́ta dùn ni, òun ló bá wọn wọlé.

Kò sì lè ṣe kó má wọlé. Doh sí me gbọ́dọ̀ jẹ́ 5 sí 4 kó tó tòrò. Ìṣísẹ̀ ńlá, 9 lórí 8, tí a fi kún kékeré, 10 lórí 9 (ìsọdipúpọ̀ la fi ń fi wọ́n kún ara wọn): 9 pa 9 rẹ́, ó ku 10 lórí 8, ìyẹn 5 lórí 4. Ó wọ̀ ọ́n láìṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ńlá méjì ni a fẹ́, 81 lórí 64 ló máa jáde, me á di 303.75 dípò 300. Etí ò ní gbà á. Àwọn ọmọlẹ́yìn Pythagoras nílẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, ìṣísẹ̀ ńlá nìkan ni wọ́n fi ń to àtẹ̀gùn wọn, orin wọn kò sì gbára lé kọ́ọ̀dù bíi tiwa, ìyẹn ni kò fi ni wọ́n lára. Didymus, onímọ̀ orin Gíríìkì kan, ni a mọ̀ pé ó ti kọ́kọ́ fi 9 sí 8 àti 10 sí 9 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn báyìí. Ptolemy, ọ̀mọ̀wé Alẹkisáńdríà ní ilẹ̀ Íjíbítì ní ọ̀rúndún kejì, ló kọ ìṣirò Didymus sílẹ̀ fún wa, ó sì yí i padà: ó ní ńlá ló yẹ kó ṣíwájú kékeré. Àtẹ̀gùn tí mo kọ sójú pátákó yìí, ti Ptolemy ni. Nígbà tó di 1558, Gioseffo Zarlino tẹ ìwé ńlá kan jáde ní Venice, ó ní èyí gan-an ni àtẹ̀gùn tí àwọn akọrin ń kọ.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀nà. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan, Vincenzo Galilei, bàbá Galileo tó ń wo ìràwọ̀, ló padà wá bá a jà lórí rẹ̀, ìjà náà ò sì kéré.

Ibi tí ìjà wà rèé. Ẹ wo ray àti lah lórí pátákó: 270 àti 400. Ray sí lah yẹ kó jẹ́ 3 sí 2 gẹ́gẹ́ bíi doh sí soh. 270 lọ́nà kan àbọ̀ jẹ́ 405, kì í ṣe 400. Ohùn abẹ́nú kẹta ti ray jẹ́ 810, ohùn abẹ́nú kejì ti lah jẹ́ 800. Yóò máa mì nígbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọ́ọ̀dù 2 tí ẹ fẹ́ràn, ray-fah-lah, kò ṣeé gbọ́ nínú àtẹ̀gùn tó tọ́ jù lọ. Bí a bá fẹ́ kó dùn, tí lah sì dúró sórí 400, ray gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí 266 àti ìdáméjì nínú mẹ́ta. Ray kejì nìyẹn. Láti doh dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10 sí 9. Àlàfo tó wà láàárín ray méjèèjì jẹ́ 81 sí 80, kọ́mà ni orúkọ rẹ̀. Òun náà ni ìka mi sún lórí okùn A lẹ́ẹ̀kan.

Gbèsè ni kọ́mà yìí. Kò sí orin tó lo kọ́ọ̀dù wọ̀nyí tí kò jẹ ẹ́, ẹnìkan sì ní láti san án. Ohun tó yàtọ̀ láti ọwọ́ olórin kan sí òmíràn ni ẹni tó ń san án àti ibi tó ti ń san án.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ akọrin tí kò ní dùrù lẹ́yìn. Gbogbo atẹdùrù tó wà níbí ti tẹ ìrìn 1-6-2-5-1 títí ó fi sú wọn. Ẹ ní kí akọrin kọ ọ́, kí wọ́n má fi ohunkóhun gbè é, kí wọ́n sì rí i pé kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan tòrò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí doh 240. Wọ́n bọ́ sórí 6, lah jẹ́ 400. Wọ́n fẹ́ lọ sórí 2. Ẹni tó mú lah di lah rẹ̀ mú, gẹ́gẹ́ bí akọrin rere ti í ṣe, ray sì wá bá a ní 3 sí 2: 266 àti ìdáméjì nínú mẹ́ta. Láti ray yẹn, wọ́n gun soh: 355 àti ààbọ̀ lé díẹ̀. Láti soh, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí doh: 237. Wọn ò ṣi ohùn kankan kọ. Kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan tòrò. Síbẹ̀, doh tí wọ́n fi parí kì í ṣe doh tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bí orin náà bá yí po lẹ́ẹ̀mẹrin, doh á ti bọ́ sí 228, ó kù díẹ̀ kó pé ààbọ̀ ìṣísẹ̀ kan. Olùdarí á wá tẹ dùrù ní ìparí, ojú á ti gbogbo ìjọ.

Giovanni Battista Benedetti, onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, ló ṣàlàyé èyí nínú lẹ́tà méjì tó kọ sí Cipriano de Rore tó jẹ́ olórin. Wọ́n tẹ àwọn lẹ́tà náà jáde ní Turin ní 1585. Ó kọ orin kúkúrú, ó sì fi ìṣirò hàn bí ohùn ṣe ń yọ́ kúrò ní kọ́mà kan ní gbogbo ìgbà tó bá yí po. Ẹni tó bá fẹ́ bá Zarlino jà lórí ọ̀rọ̀ akọrin, ohun ìjà nìyẹn.

Mi ò sọ pé gbogbo akọrin tó bá wálẹ̀, kọ́mà ló fà á o. Ọ̀pọ̀ ìgbà, èémí tí kò tó ni, tàbí ìṣọ́ òru àná, tàbí alto tí kò wá síbi ìdánrawò. Ṣùgbọ́n mo ti rí olùdarí tó ń fi ìbínú bá akọrin tó ń gbọ́ ara wọn dáadáa wí, tó ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ẹni tó bá ń bínú sí wọn, kó kọ́kọ́ wo kọ́ọ̀dù tó wà nínú orin náà. Bí 6 bá ń bọ́ sí 2 léraléra, kó mọ ibi tí òun ó ti dá ohùn dúró.

Àwọn akọrin tó já fáfá ń san gbèsè yìí láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí wọn. Bí kọ́ọ̀dù bá ṣí láti 6 sí 2, ẹni tó mú lah á gbé e sókè díẹ̀, láti 400 lọ sí 405, ray á sì dúró sórí 270. Kọ́mà kan péré ni, ó sì ṣẹlẹ̀ nígbà tí gbogbo ohùn mìíràn ń ṣí kúrò, etí olùgbọ́ ò ráyè ṣọ́ ọ. Ohun tí oní-violin náà ń ṣe nìyẹn nígbà tó bá sún ìka. Ohùn ènìyàn àti okùn tí kò ní ààlà lórí, irú wọn ló lè sún bẹ́ẹ̀.

Dùrù ò lè sún. Bí ẹni tó tún un ṣe bá ti lọ sílé, ray kan ló wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ mìíràn. Nítorí náà, láti ìgbà tí dùrù ti di ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn ènìyàn ti ń wá ọ̀nà tí wọ́n lè fi pín gbèsè náà kiri. Ìwé tí Pietro Aaron tẹ̀ jáde ní Venice ní 1523 ṣàpèjúwe ọ̀kan: ẹ jẹ́ kí doh sí me jẹ́ 5 sí 4 gan-an, kí a wá fi ray sí agbedeméjì. Kì í ṣe ńlá, kì í ṣe kékeré. Lórí pátákó wa, ray á wà ní 268 lé díẹ̀. Doh-me-soh dùn bí oyin, soh nìkan ló rọlẹ̀ díẹ̀ tí ẹni tí kò bá ṣọ́ra kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè tí a sún síwájú kò tán. Ní òpin ìyípo àwọn bọ́tìnnì dúdú, kọ́ọ̀dù kan wà tí ohun gbogbo já lé lórí. Ó ń hu débi tí wọ́n fi sọ ọ́ ní ìkookò. Olórin tó gbọ́n kì í lọ sí àdúgbò yẹn.

Dùrù ti òde òní gba ọ̀nà mìíràn. Ó pín ọ́kítéfù, ìyẹn doh dé doh òkè, sí ọgbọọgba méjìlá, ìṣísẹ̀ kíkún kọ̀ọ̀kan jẹ́ méjì nínú wọn. Ọmọ aládé Ṣáínà kan, Zhu Zaiyu, ti ṣe ìṣirò rẹ̀ tán ní 1584. Ó rọrùn, kò sí ìkookò, orin lè ti orí kọ́kọ́rọ́ kan bọ́ sí òmíràn fàlàlà. Ẹ mọ ẹni tó ń san gbèsè? Gbogbo me tó wà lórí dùrù. Me tó yẹ kó wà ní 300 wà ní 302 lé díẹ̀, ó sì ń bá doh mì ní nǹkan bí ìgbà mẹ́sàn-án lé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí wa ti mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi ń sọ pé kọ́ọ̀dù títọ́ ti pọ̀ jù, pé kò ní ìtànṣán. Mi ò bá wọn jà. Soh orí dùrù, ní tirẹ̀, dára gan-an ni, mímì rẹ̀ kò pé ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Alexander Ellis, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ ìwé Helmholtz lórí ìmọ̀ ohùn láti èdè Jámánì, ló fún wa ní òṣùwọ̀n tí a fi lè wọn gbogbo èyí láìsí wàhálà, ní 1885. Ó pín ọ́kítéfù sí sẹ́ǹtì 1200. Ìṣísẹ̀ kíkún orí dùrù jẹ́ sẹ́ǹtì 200. Ńlá, 9 sí 8, jẹ́ 204 ó dín bíńtín. Kékeré, 10 sí 9, jẹ́ 182 lé díẹ̀. Kọ́mà jẹ́ 21 àti ààbọ̀. Ẹ rí i pé ńlá àti ti dùrù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Kékeré ni dùrù pa tì pátápátá. Òun ló sì ṣòro jù láti kọ́ akọrin tó ti gbé ìtòsí kííbọ́ọ̀dù dàgbà.

Ọkùnrin kan wà tó kọ̀ láti pín gbèsè náà kiri. Mo fẹ́ dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀, torí ọ̀nà rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Thomas Perronet Thompson ni orúkọ rẹ̀, wọ́n bí i ní Hull ní 1783. Ní 1808 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe gómìnà Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Ó débẹ̀, ó rí i pé àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, wọ́n tún ń pín wọn fún àwọn olówó ìlú lábẹ́ orúkọ ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ó ní oko ẹrú ni èyí, orúkọ ni wọ́n kàn yí padà. Ó kọ̀wé sílé, ó kọ ọ́ le. Wọ́n pè é padà ní 1810. Wọn kò tíì gbé àwọn bí Àjàyí Crowther dé Freetown nígbà náà; 1822 nìyẹn tó ṣẹlẹ̀.

Ọkùnrin yìí kan náà ló padà di agbẹjọ́rò ohùn títọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ̀wé lórí rẹ̀, ó sì ṣe dùrù kan tí ó gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá ti 1851 ní London. Ohùn 40 ló wà nínú ọ́kítéfù kan ṣoṣo lórí dùrù yẹn, níbi tí tiwa ti ní 12. Ray méjì wà níbẹ̀, pẹ̀lú bọ́tìnnì tirẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí atẹdùrù lè yan èyí tí kọ́ọ̀dù bá béèrè. Ẹ fojú inú wo ẹni tó máa kọ́ ìtẹ̀ rẹ̀! Kò tàn kálẹ̀, kò sì yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá rí gbèsè tó sì ní òun ó san án tán, dípò kí òun dọ́gbọ́n sí i. Ó jọ pé bó ṣe rí ní Sàró náà nìyẹn.

Ní àkókò kan náà, John Curwen, òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ń tún ìlànà sol-fa tí Sarah Glover ti Norwich dá sílẹ̀ ṣe. Sol-fa yẹn ni àwọn míṣọ́nnárì gbé dé ọ̀dọ̀ wa, òun náà ló wà nínú fáìlì tí ẹ gbé dání yẹn: d, r, m, f, s, l, t. Ohun tí kò bá a dé ọ̀dọ̀ wa ni pé Curwen mọ̀ pé ray méjì ló wà. Ó fún èyí tó wà nísàlẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀: rah. Kì í ṣe ray tí a fi ààbọ̀ ìṣísẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ tí ẹ mọ̀ ni mò ń wí o. Rah ti Curwen fi kọ́mà kan ṣoṣo rẹlẹ̀ ju ray lọ, fún ìgbà tí ó bá wà pẹ̀lú fah àti lah. Akọrin tí kò mọ ìṣirò kankan, tí kò rí dùrù rí, ni wọ́n fẹ́ fi kọ́. Sol-fa wá fún ohùn tí kò ní dùrù lẹ́yìn. Àwa ló jókòó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kííbọ́ọ̀dù.

Bí a bá fẹ́ lò ó, ibi tí ray wà ni kí ẹ máa wò. Bó bá wà pẹ̀lú soh àti te, ray ńlá ni, ẹ jẹ́ kó ga. Bó bá wà pẹ̀lú fah àti lah tí lah kò fẹ́ sún, ẹ rọ̀ ọ́ díẹ̀. Ẹ pa kííbọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ bá ń ṣe é. Ẹ ní kí bass di ray mú, kí tenor mú lah, kí wọ́n má fi gbígbọ̀n ohùn ṣẹ̀ṣọ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ lórí "oo" títí mímì á fi lọ. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó fi fah kún un.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè mélòó kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, mo sì fi ìdáhùn wọn kún un níbí.

Bóyá orin ìbílẹ̀ wa wà lórí ohùn títọ́? Mi ò ní fi tipátipá wọ̀ ọ́ mọ́ ọn. Ọmọ àyàn ń fún ọṣán dùndún, ohùn ń yọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ohùn ọ̀rọ̀ ló sì ń lé. Kò dúró sórí àtẹ̀gùn tí a lè fi 9 sí 8 wọ̀n, kò sì yẹ ká bu iyì kún un nípa sísọ pé Ptolemy ti mọ̀ ọ́n.

Bóyá kííbọ́ọ̀dù òde òní lè ṣe é? Ọ̀pọ̀ wọn ní ibi tí ẹ ti lè yí ohùn bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan sókè tàbí sísàlẹ̀ ní sẹ́ǹtì. Ẹ lè to àtẹ̀gùn 240 wa sórí kọ́kọ́rọ́ C, kọ́ọ̀dù 1, 4 àti 5 á sì yà yín lẹ́nu. Bí ẹ bá tẹ 2, ray á jẹ́wọ́.

Ẹnìkan béèrè bóyá méjì náà ni gbogbo rẹ̀, kò sí ìkẹta. Ó wà. Nọ́ńbà tí a fi 2, 3 àti 5 kọ́ nìkan ni a lò lálẹ́ yìí. Bí a bá gba 7 láàyè, ìṣísẹ̀ kíkún mìíràn yọjú, 8 sí 7, sẹ́ǹtì 231. Archytas, onímọ̀ ìṣirò Gíríìkì, ti fi í sínú ìṣirò tirẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrin kí a tó bí Jésù, ní Taranto tó wà ní gúúsù Ítálì, níbi tí àwọn Gíríìkì tẹ̀dó sí. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́hùn mẹ́rin ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń kọ barbershop ń wá a tọkàntara. Inú kọ́ọ̀dù soh-te-ray-fah ló ń gbé. Fah òkè ti àtẹ̀gùn wa jẹ́ 640, ti dùrù sì lé sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n fah tó bá soh 360 rìn ní 7 sí 4 jẹ́ 630. Láti ibẹ̀ dé soh òkè, 720, ni 8 sí 7 wà. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ ní kí bass mú soh, kí tenor mú te, kí alto mú ray, kí soprano wá bẹ̀rẹ̀ lórí fah tí dùrù fún un, kó máa rọ̀ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó sì dúró níbi tí mímì bá ti tán. Kó má kọjá ibẹ̀ o, torí me ń bẹ ní 600.